Ẹ̀jẹ̀ Nínú Ìtọ̀

Nígbà tí ẹ jí ní òwúrọ̀ yìí tí ẹ lọ tọ̀, irú àwọ̀ wo ni ẹ rí? Ẹ má bínú pé mo bèèrè. Ọdún púpọ̀ ni mo fi ṣe tíṣà, mo sì jẹ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí n tó bọ́ sí ẹnu iṣẹ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà yìí. Ojú lè máa ti ọmọ ilé-ìwé láti bèèrè ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ojú kò gbọdọ̀ ti tíṣà.

Ìtọ̀ tí ó dára a máa mọ́, tàbí kí ó pọ́n díẹ̀. Bí ènìyàn kò bá mu omi tó, yóò pọ́n sí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá pupa bí omi sóbò, tàbí tí ó ṣú bí Coca-Cola, tàbí tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀ dídì nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn. Lóòótọ́, òògùn kan wà fún ikọ́ ẹ̀gbẹ tí í máa sọ ìtọ̀ di pupa bí ọsàn, nọ́ọ̀sì a sì máa kìlọ̀ fún àwọn tí ń lò ó kí àyà wọn má bàa já. Ẹni tí kò lo irú òògùn bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fi àwọ̀ náà ṣeré.

Ẹ̀kọ́ wa lónìí dá lórí bí a ṣe ń mọ ohun tí ó fa ẹ̀jẹ̀ yìí. N ó mú yín dé ìdí ọ̀kan tí ó ṣọ̀wọ́n gidigidi, èyí ni jẹjẹrẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ inú kíndìnrín. Ẹ lè wí pé, “Ọ̀gá, bí ó bá ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀, kí la fẹ́ fi ṣe?” Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni a ń tọ̀ láti mọ èyí tí ó ṣọ̀wọ́n àti èyí tí ó wọ́pọ̀. Ibi tí àwọn ènìyàn wa ti ń yà kúrò lójú ọ̀nà náà ni mo fẹ́ fi hàn yín.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ. A ó pè é ní Bàbá Káfíńtà. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ohun tí mo ti rí lára ènìyàn mẹ́ta mẹ́rin ni mo kó jọ sára rẹ̀. Ó ti lé ní ọmọ ọgọ́ta ọdún, ó sì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Ní ọjọ́ kan ó tọ ẹ̀jẹ̀. Kò dùn ún rárá. Ní ọjọ́ kejì ìtọ̀ náà mọ́, ó sì gbàgbé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó tún dé. Ìyàwó rẹ̀ rí i.

“Bàbá Bọ́sẹ̀, àtọ̀sí nìyẹn o,” ni ìyàwó wí. Ó fa ojú ro, nítorí ẹ̀yin náà mọ ìjà tí orúkọ yẹn ń dá sílẹ̀ láàárín ọkọ àti aya.

Bàbá Káfíńtà lọ sí ọjà Òkè-Àjẹ́, ó ra àgbo, ó mu ún fún oṣù kan. Ẹ̀jẹ̀ náà dá. Ó ní àgbo náà jẹ́. Ẹ dúró ná, kí ẹ ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì: ẹ̀jẹ̀ tí jẹjẹrẹ bá fà sínú ìtọ̀ a máa wá, a sì máa lọ fúnra rẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá ń mu ní ọjọ́ tí ó lọ ni yóò gba ìyìn. Bí ó bá jẹ́ omi òjò ni ẹ ń mu, omi òjò ni ẹ ó máa yìn.

N kò sọ pé irọ́ ni gbogbo ohun tí àwọn àgbà ń wí. Àtọ̀sí ajá wà lóòótọ́, òun sì ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ ọmọdé tọ ẹ̀jẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Kòkòrò kan ni ó fà á. Inú ìgbín kékeré tí ń gbé inú odò ni ó ti ń dàgbà, lẹ́yìn náà yóò jáde sínú omi, yóò gba awọ ara ẹni tí ń wẹ̀ tàbí tí ń fọṣọ wọlé. Dókítà ará Jámánì kan, Theodor Bilharz, ni ó rí kòkòrò yìí ní ìlú Káírò ní ọdún 1851. Ní Ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa, nígbà tí wọ́n sé odò Ọyán ní ẹ̀bá Abẹ́òkúta, tí wọ́n sì ṣí ìdídò náà ní 1983, àwọn ará abúlé etí omi náà jẹ ìyà àrùn yìí púpọ̀. Ìgbín fẹ́ràn omi tí kò sáré.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ ọ́n? A ó fi ìtọ̀ sí abẹ́ maikirosíkóòpù, awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Bí ẹyin kòkòrò bá wà níbẹ̀, a ó rí i, ẹ̀gún kékeré sì wà ní ìdí rẹ̀. Òògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a kò bá rí ẹyin, tàbí tí a lo òògùn tí ẹ̀jẹ̀ kò sì dá, a kò gbọdọ̀ jókòó. Àtọ̀sí ajá tí ó bá sì pẹ́ lára, a lè bí jẹjẹrẹ sínú àpò ìtọ̀.

Nǹkan mìíràn pọ̀ tí í máa fa ẹ̀jẹ̀. Òkúta inú kíndìnrín wà, ìyẹn máa ń dunni débi pé ènìyàn á máa yí nílẹ̀. Ó máa ń ṣe àwọn tí ó ní àrùn foníkú-fọlá-dìde. Ó máa ń ṣe àwọn bàbá arúgbó tí ẹ̀yà tí ó wà ní ọrùn àpò ìtọ̀ wọn ti wú. Àwọn ìyá náà, ẹ gbọ́ o: obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá dúró, tí ó tún rí ẹ̀jẹ̀, kí ó má wí pé nǹkan oṣù ni ó padà wá bẹ òun wò.

Ẹ padà sọ́dọ̀ Bàbá Káfíńtà. Oṣù karùn-ún pé. Ẹ̀jẹ̀ ti padà, ẹ̀gbẹ́ òsì sì ń ro ó lábẹ́ egungun ìhà. Ṣòkòtò rẹ̀ ti tóbi jù ú lọ. Nígbà yìí ni ọmọ rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ẹ lọ sí ìsọ̀ alápatà, kí ẹ ní kí ó fi kíndìnrín ewúrẹ́ hàn yín. Ẹ ó rí i pé ó rí bí ẹ̀wà ńlá. Tiwa rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó kàn tóbi tó ìkúùkù ni. Méjì ni, wọ́n wà lẹ́yìn ní ìsàlẹ̀ egungun ìhà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Iṣẹ́ wọn ni láti sẹ́ ẹ̀jẹ̀ bí a ti ń sẹ́ ògì. Omi tí wọ́n ń sẹ́ láti inú ẹ̀jẹ̀ láàárín ọ̀sán kan àti òru kan tó nǹkan bí lítà 180, ìyẹn garawa kẹrosíìnì mẹ́wàá! Wọn a dá èyí tí ó pọ̀ jù padà sínú ẹ̀jẹ̀. Lítà kan tàbí méjì péré ni ó ń di ìtọ̀. Nítorí iṣẹ́ yìí, iṣan ẹ̀jẹ̀ kún inú kíndìnrín bí okùn ti kún inú àwọ̀n apẹja.

Ara wa jẹ́ àkójọ àwọn ohun tín-tìn-tín tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì, bí bíríkì ti pọ̀ lára ilé. Jẹjẹrẹ ni kí bíríkì kan ya aláìgbọràn, kí ó máa bí ara rẹ̀ láìdúró, kí ó máa wọ yàrá onílé. Èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú jẹjẹrẹ kíndìnrín àgbàlagbà, láti ara àwọn ihò kékeré tí ń sẹ́ omi ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó ṣọ̀wọ́n tí mò ń wí, láti ara awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó tẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó jẹ́ ohun ìyanu fún mi pé kíndìnrín tí iṣan ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀ tó báyìí, jẹjẹrẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é. Dókítà kan tí ń jẹ́ Prince kọ ìròyìn rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1942. Láti ìgbà náà wá, ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹni méjì méjì ni àwọn dókítà káàkiri ayé ń rí, ọkùnrin sì ni ó pọ̀ jù nínú wọn, àwọn tí ó ti dàgbà bíi Bàbá Káfíńtà.

Dókítà tẹ Bàbá Káfíńtà ní ikùn, ó gba ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n yàwòrán inú rẹ̀. Èyí ni à ń pè ní síkáànù. Kì í dunni, kò sì sí abẹ níbẹ̀. Síkáànù fi kókó ńlá hàn nínú kíndìnrín òsì. Ọmọ rẹ̀ bèèrè pé, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, irú kókó wo ni?” Dókítà dáhùn pé òun kò tíì mọ̀.

Àwọn ènìyàn wa kì í fẹ́ràn irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní dókítà náà kò mọ iṣẹ́. Òótọ́ ni ó sọ. Ẹ ronú sí Ojúde Ọba, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ bá ń wọ iwájú ààfin Awùjalẹ̀ lẹ́yìn Iléyá. Ẹgbẹ́ kan á wọ aṣọ kan náà, fìlà kan náà, wọ́n á máa jó bọ̀. Bí ẹ bá dúró lókèèrè, ẹ ó mọ̀ pé ẹgbẹ́ kan ni ó ń kọjá. Èwo ni Ṣéinde nínú wọn? Èwo ni ó jẹ́ ọmọ Ìtóòrò? Ẹ kò lè mọ̀, àfi kí ẹ súnmọ́ wọn kí ẹ wo ojú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni kókó inú kíndìnrín rí lójú síkáànù. Èyí tí ó wọ́pọ̀ àti èyí tí ó ṣọ̀wọ́n, aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀. Nígbà mìíràn, jẹjẹrẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ a bẹ́, ẹ̀jẹ̀ a dà sí àyíká kíndìnrín, wọn a sì rò pé ẹ̀jẹ̀ dídì lásán ni.

Nítorí náà, a ní láti mú díẹ̀ nínú ẹran ara náà kí a wò ó. A lè fi abẹ́rẹ́ gún un láti ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ yìí kún fún ẹ̀jẹ̀ àti ẹran tí ó ti kú, abẹ́rẹ́ náà sì lè bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ dídì, kí ó má mú ohun tí a ń wá jáde. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, bí àrùn kò bá tíì tàn, dókítà oníṣẹ́ abẹ yóò yọ kíndìnrín náà lódindi. Ènìyàn lè fi kíndìnrín kan tí ó kù gbé ayé, bí èyí tí ó kù náà bá dára.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ là ojú yín sí. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́, iṣẹ́ kò tíì parí! Ẹran náà gbọdọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà tí ń fi awò wo ẹran ara. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, àwọn ẹbí ni wọ́n ń gbé e fún pé kí wọ́n gbé e lọ, kí wọ́n sì san owó rẹ̀. Ní ọdún kan, èmi ni mo tẹ̀lé ẹbí ọ̀rẹ́ mi kan, ilé ìwòsàn tí wọ́n lọ kò ní orúkọ nínú ìwé yìí. Omi lásán ni wọ́n bu sórí ẹran náà nínú ike. Kò sí orúkọ lára ike. Ọjọ́ Ẹtì ni, ẹbí ní àwọn ń wá owó, wọ́n gbé ike náà sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí di ọjọ́ Ajé. Nígbà tí a dé ilé àyẹ̀wò, ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó ṣí i yí ojú kúrò. Ó ti jẹrà. Ọ̀rẹ́ mi kú, àwa kò sì mọ ohun tí ó pa á títí di òní. Owó àyẹ̀wò tí wọ́n ń wá yẹn kò tó owó màlúù kan tí wọ́n pa níbi ìnáwó òkú rẹ̀. Àwa Ìjẹ̀bú, ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ fún ara wa.

Nítorí náà: inú omi òògùn tí à ń pè ní fọmalíìnì ni ẹran ara ń wà, kì í ṣe omi lásán. Kí omi òògùn náà pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé báyìí, ẹ ka ohun tí a kọ sára ike kí ẹ tó gbé e: orúkọ aláìsàn, ọjọ́, àti ibi tí wọ́n ti gé e lára. Bí kò bá sí orúkọ níbẹ̀, ẹ má gbé e. Ẹ bẹ nọ́ọ̀sì pẹ̀lú sùúrù pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa kọ orúkọ sí i.”

Ní ilé àyẹ̀wò, wọn yóò fi ìda bo ẹran náà, wọn yóò gé e pẹlẹbẹ, ó máa ń fẹ́lẹ́ ju ewé ìwé yìí lọ púpọ̀púpọ̀. Lẹ́yìn náà wọn yóò rẹ ẹ́ láró. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ mọ àdìrẹ, iṣẹ́ yín ni wọ́n ń ṣe! Aró kan, tí a ń rí láti inú igi kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, yóò mú inú gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì ṣú bí ẹlú. Aró kejì yóò mú ìyókù pọ́n fẹ́ẹ́fẹ́. Dókítà yóò wá wò ó. Bí ó bá rí ihò wíwọ́ tí ẹ̀jẹ̀ kún inú wọn, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kò ní ìlànà tẹ́ inú ihò náà, ọkàn rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí ro pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ó bí èyí.

Kò ní dúró níbẹ̀. Àmì wà lára sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, bí nọ́ńbà ti wà lára ọkọ̀. Bí ẹ bá rí JBD lára ọkọ̀, ẹ mọ̀ pé Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ìbáà jẹ́ Kánò ni ó ti ń sáré. Àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan ẹ̀jẹ̀ ní nọ́ńbà tiwọn: CD31, CD34, ERG. Ti kíndìnrín náà ní tirẹ̀, PAX8 ni ọ̀kan. Ẹ má há wọn sórí. Òògùn kan wà tí ó mọ nọ́ńbà kan ṣoṣo, yóò lẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì fi àwọ̀ ilẹ̀ hàn níbi tí ó bá lẹ̀ mọ́. Bí nọ́ńbà iṣan ẹ̀jẹ̀ bá hàn, tí ti kíndìnrín kò sì hàn, orúkọ ti jáde. Kì í ṣe gbogbo ilé àyẹ̀wò ni ó ní òògùn yìí. Ṣùgbọ́n ẹran tí ó wà nínú ìda kì í tètè bàjẹ́, ó lè wà fún ọdún púpọ̀. Ẹ lè gbà á, kí ẹ gbé e láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ ní Ṣágámù, tàbí Ìdí-Àràbà ní Èkó, tàbí Ìbàdàn.

Ìbàdàn ni ó yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1957 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ńlá, UCH, níbẹ̀. Ní 1960 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ gbogbo jẹjẹrẹ tí wọ́n bá rí sí. Dókítà Edington àti Dókítà Maclean ka àwọn tí wọ́n rí ní Ìbàdàn láti 1960 dé 1963, wọ́n sì tẹ ìròyìn náà jáde ní 1965. Ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn kan ń wí pé aláwọ̀ dúdú kì í sábà ní jẹjẹrẹ. Àìkọsílẹ̀ ni ó mú wọn wí bẹ́ẹ̀.

Báwo ni ti Bàbá Káfíńtà ṣe parí? Jẹjẹrẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ni èsì náà pè é. N kò ní tàn yín: àrùn yìí le. Ó máa ń tètè tàn dé ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ àti egungun, oṣù ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ní i fi ń gbé lẹ́yìn tí a bá rí i. Àwọn tí a tètè rí tiwọn, tí a yọ ọ́ kí ó tó tàn, ni ó ń pẹ́ díẹ̀. Bàbá Káfíńtà fi oṣù márùn-ún mu àgbo. Ṣùgbọ́n nígbà tí èsì dé, ìyàwó rẹ̀ mọ̀ pé ọkọ òun kò kó àtọ̀sí wálé. Àbúrò rẹ̀, tí wọ́n ti ń fura sí pé ó fi nǹkan sínú ẹmu fún un nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí wọ ilé padà. Ó jókòó tì í títí ó fi kú.

Orúkọ tí a mọ̀ a sì tún máa gba ẹlòmíràn là. Ní 1974, ní Louisville ní Amẹ́ríkà, dókítà ilé iṣẹ́ kan tí ń ṣe èròjà ike ṣàkíyèsí pé òṣìṣẹ́ mẹ́ta nínú ilé iṣẹ́ náà ti kú nípa jẹjẹrẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ kan náà, ti inú ẹ̀dọ̀. Àrùn tí ó ṣọ̀wọ́n báyìí, mẹ́ta lójú kan! Báyìí ni wọ́n ṣe mọ̀ pé afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n fi ń ṣe ike náà ni ó ń pa wọ́n, wọ́n sì ṣe òfin lé e lórí. Ká ní “àrùn ikùn” ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ńkọ́?

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún àwọn abiyamọ. Ọmọ kékeré náà ní jẹjẹrẹ kíndìnrín tirẹ̀, Wilms ni wọ́n ń pè é, ó sì wọ́pọ̀ ju ti Bàbá Káfíńtà lọ. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìyá tí ń wẹ̀ fún ọmọ ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ kan kókó náà ní ẹ̀gbẹ́ ikùn. Bí ọwọ́ yín bá kàn án, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹ má fi òrí wọ́ ọ, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ó ń yè bí a bá tètè gbé wọn dé.

Iṣẹ́ ṣíṣe. Ẹ ya ìlà sínú ìwé yín kí ó di ọ̀wọ́ mẹ́rin. Ẹ kọ “Ọjọ́” sí òkè èkíní, “Àwọ̀ ìtọ̀” sí èkejì, “Ìrora” sí ẹ̀kẹta, “Òògùn tí a lò” sí ẹ̀kẹrin. Ẹ kọ ti Bàbá Káfíńtà sí i láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí di ọjọ́ tí ó dé ilé ìwòsàn, bí ẹ ti kà á lókè. Lẹ́yìn náà, ẹ ya ike kan, kí ẹ sì kọ ohun tí ó yẹ kí ó wà lára rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà, kí ẹni tí kò mọ̀ yín rí lè kà á.